Ẹni Tí Yóò Fa Ketaki Lé Ọkọ Lọ́wọ́

"Ìyá, ta ló gé ẹ̀ka yìí fún yín?"

Shripati Kadam dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá tí wọ́n fi ẹbí ọkọ Ketaki, ọmọ rẹ̀, sí nínú gbọ̀ngàn ìgbéyàwó. Ìkòkò tíì wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀, ife wà lọ́wọ́ òsì. Ìyá arúgbó tó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ kò gbójú sókè. Ó ń fi aṣọ tútù wé ẹ̀ka igi kan bí ẹni wé ọmọ tuntun.

"Èmi ni mo gé e. Láti Nandal ni mo ti gbé e wá. Orí itan mi ló wà nínú bọ́ọ̀sì. Awakọ̀ ní kí n jù ú sí ẹ̀yìn ọkọ̀. Mo ní kó kọ́kọ́ ju ìyá tirẹ̀ sẹ́yìn ọkọ̀ ná."

"Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

"Ṣé ẹ̀yin kì í gbéyàwó níhìn-ín ni? Igi ilé wa ni. Bí a ò bá gbé e kalẹ̀ ká bọ ọ́, ṣé ọmọ wa á kàn dìde lọ gbéyàwó lọ́la bí ẹni lọ ra iyọ̀ ni?"

Shripati gbé ìkòkò tíì sílẹ̀. Ó mọ ewé náà. Láàárọ̀ ọjọ́ náà gan-an ló gé irú rẹ̀ lẹ́yìnkùlé tirẹ̀. Igi kalamb ni. Gbogbo ẹni tó ń jẹ́ Kadam, igi yẹn ni wọ́n ń bọ nígbà ìgbéyàwó. Wọn kì í fi dáná, wọn kì í fi pákó rẹ̀ kan ibùsùn. Àwọn àgbà a máa sọ pé abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n bí ọba tó ṣẹ̀ wọ́n sílẹ̀ níhà gúúsù, àti pé igi náà ló fún wọn lórúkọ. Bóyá bẹ́ẹ̀ ni, bóyá bẹ́ẹ̀ kọ́. Èyí tí kò ní bóyá nínú ni pé ẹni tí ẹ bá jọ ń bọ igi kan, ọmọ bàbá rẹ ni. O ò gbọdọ̀ fi ọmọ rẹ fún ọmọ rẹ̀.

"Ìyá," ó ní, "Nandalkar lẹ̀ ń jẹ́."

"Nandalkar kẹ̀!" Ìyá rẹ́rìn-ín. Eyín méjì ló kù lẹ́nu rẹ̀. "Nandal lorúkọ abúlé wa. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi dé Mumbai, tó wọ ilé iṣẹ́ aṣọ, Kadam ti kún ibẹ̀ bí eṣú. Wọ́n á pe Kadam kan, gbogbo ilé á dáhùn. Owó iṣẹ́ Kadam yìí á bọ́ sọ́wọ́ Kadam tọ̀hún, wọ́n á máa jà. Ni ọ̀gá wọn bá ní kí kálukú máa jẹ́ orúkọ abúlé rẹ̀. Àwọn ọmọ tó bí níbẹ̀ kò gbọ́ òmíràn. Kadam la jẹ́. Ẹ̀yin ńkọ́? Wọn ò dárúkọ yín fún mi, wọ́n kàn ní ọmọ Karad ni."

Shripati bu tíì fún un, ó sì jáde.

Ó bá Dilip, bàbá ọkọ ìyàwó, níta, ó ń bá ẹni tó máa gbé àga wá jà lórí fóònù. Dilip ti fẹ̀yìn tì nílé ìfowópamọ́. Mumbai ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ ló gbé dàgbà. Shripati dúró títí ó fi parí.

"Nígbà tí mo bi yín ní igi ilé yín," ó ní, "ẹ ní máńgòrò ni."

Dilip wò ó lójú, ó sì wo ẹnu ọ̀nà yàrá. Ó yé e. Ó fi ọwọ́ nu ojú.

"Àna mi, mi ò mọ̀ ọ́n. Kékeré ni mo wà tí bàbá mi fi kú. Ewé máńgòrò ni mo máa ń rí níbi ìgbéyàwó gbogbo ènìyàn. Ni mo bá sọ bẹ́ẹ̀. Àárọ̀ yìí ni mo rí ẹ̀ka tí àbúrò bàbá mi gbé wá."

"Ẹ ò sì pè mí."

"Kí ni kí n pè yín fún? Kí n lè ba ayé ọmọ méjì jẹ́?" Ó sún mọ́ ọn, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ jẹ́ ká fi ewé máńgòrò rọ́pò. Ojú màmá ò ríran dáadáa."

"Imú wọn ńkọ́?"

"Àna mi, Kadam pọ̀ láyé. Wọ́n wà ní Pune, wọ́n wà ní Dubai. Kadam kan ló ta mọ́tò fún ọmọ mi obìnrin ní Toronto. Ṣé gbogbo wọn ni ẹ̀gbọ́n Ketaki?"

"Gbogbo wọn."

"Ẹ gbà pé bẹ́ẹ̀ ni?"

Shripati ń ronú èsì nígbà tí Ganpat, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, yọ láti inú yàrá. Ó lọ kí ìyá arúgbó ni. Ó ti rí ẹ̀ka náà, ó sì ti gbọ́ ìtàn ilé iṣẹ́ aṣọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ó kọjá lára Dilip bí ẹni pé òpó ni.

"Shripati, pe àwọn tó ń se oúnjẹ kí wọ́n paná. Kò sí ìgbéyàwó mọ́."

Nílé, gbogbo wọn jókòó sínú yàrá àárín. Shevanta, ìyàwó Shripati, ti ilẹ̀kùn kí àwọn àlejò tó ń já ewébẹ̀ lágbàlá má baà gbọ́. Ketaki jókòó sórí ẹní. Ata ilẹ̀ pupa tí wọ́n fi pa á lára lánàá bí ìṣe ìyàwó ṣì wà ní apá rẹ̀ àti lọ́rùn. Pune ló ti ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Ibẹ̀ ló ti pàdé Tejas, ọmọ Dilip.

"Bàbá àgbà," ó sọ fún Ganpat, "ẹ wá sọ fún mi. Baba ńlá wo ló bí èmi àti Tejas? Ẹ dárúkọ rẹ̀."

"Bí mo bá mọ orúkọ rẹ̀, kí ni mo fẹ́ máa fi igi ṣe?"

"Ẹni tẹ́ ò mọ̀ ló ń dí mi lọ́wọ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹni tí mo mọ̀ kò lè dí ọ lọ́wọ́. O ò gbọ́ràn sí wa lẹ́nu rí."

Bí kì í bá ṣe ọjọ́ yẹn ni, wọn ì bá rẹ́rìn-ín. Shevanta ló sọ̀rọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ti fi ata ilẹ̀ pupa pa á lára. Ọmọ tí wọ́n ti fi ata ilẹ̀ pa lára, tó tún jókòó sílé bàbá rẹ̀, ta ni yóò wá tọrọ rẹ̀ lẹ́yìn èyí?"

"Ọmọ-ọmọ obìnrin mẹ́ta ló wà nílé tèmi, Shevanta. Ta ni yóò wá tọrọ àwọn nínú ilé tí ẹ̀gbọ́n ti fẹ́ àbúrò? Ṣé o fẹ́ kí wọ́n máa fi wá kọrin létí odò ni?"

"Kò tọ́ kí ẹ máa jà nítorí mi," ni Ketaki wí. "Bí ẹ bá tú u ká, èmi àti Tejas á lọ gbéyàwó ní kóòtù. Mi ò ní sá lọ lóru. Mo ń sọ ọ́ lójú yín."

Ganpat dìde. "Bó bá lọ sí kóòtù, kó má bojú wẹ̀yìn. Ìwọ náà, Shripati, bí o bá bá a lọ, má tẹ ilé mi mọ́. Bí mo bá kú, má wá dáná sun mí."

Níta, àwọn obìnrin ń kọrin ata ilẹ̀ pupa. Shripati ń wo ọwọ́ ọmọ rẹ̀. Ọmọ kan ṣoṣo ni. Ẹ̀gbọ́n kan ṣoṣo ni.

"Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "bí kì í bá ṣe Kadam ńkọ́?"

"Ta ni kì í ṣe Kadam?"

"Ketaki."

Ganpat padà jókòó díẹ̀díẹ̀. Ó mọ ohun tí àbúrò rẹ̀ ń wí. Wọ́n ti ṣe é rí lábúlé wọn. Bí ọkùnrin ilé mìíràn bá gbé ọmọbìnrin lé itan lójú àwòrò, tí wọ́n fi ṣúgà sí i lẹ́nu, ó di ọmọ rẹ̀. Igi tirẹ̀ ni ọmọ náà ń bọ láti ọjọ́ yẹn lọ.

"Hanmant?" ni Ganpat bi í. Hanmant Pisal ni àbúrò Shevanta.

"Hanmant."

"Ó dáa. Kò sí ẹni tó lè bá ọ wí. Ṣùgbọ́n mọ̀ pé tọ́mọ bá ti kúrò lábẹ́ igi, ó kúrò nìyẹn. O ò ní jókòó síbi tí bàbá ń jókòó. Kì í ṣe ìwọ ni yóò fà á lé ọkọ lọ́wọ́. Àwòrò ò ní pe orúkọ rẹ. Kò ní pe orúkọ bàbá wa."

"Mo gbọ́."

"Èmi ò fẹ́ ẹ," ni Ketaki wí. Ohùn rẹ̀ ti yí padà. "Bàbá, mi ò fẹ́ ẹ. Ẹ jẹ́ ká lọ sí kóòtù."

"Ní kóòtù, wàá jẹ́ ọmọ mi nínú ìwé, o ò sì ní lè wọ ilé yìí. Bí a bá ṣe é báyìí, o ò ní jẹ́ ọmọ mi lẹ́nu àwòrò, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn á ṣí sílẹ̀."

"Kí ni wọ́n á máa pè yín nígbà náà?"

"Mi ò tíì rò ó débẹ̀," ni Shripati wí. Ó sì mú kọ́kọ́rọ́ alùpùpù rẹ̀.

Hanmant ń wẹ ẹfọ̀n rẹ̀ lẹ́bàá kànga nígbà tí Shripati dé. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán, korobá ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò béèrè nǹkan kan. Ojú rẹ̀ kàn ń mọ́lẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó gbìyànjú láti pa á mọ́ra, kò lè pa á mọ́ra.

"Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi," ó ní, "ẹ ẹ̀ rí i, ọmọ mẹ́rin ni mo bí, ọkùnrin ni gbogbo wọn. Mi ò tíì fa ọmọ obìnrin lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ rí. Wọ́n ní kò sí ẹ̀bùn tó tó o. Mo ti gbà pé n óò kú láìṣe é." Ó kígbe sínú ilé. "Ìyá Sagar! Wá gbọ́ nǹkan! A ti bímọ obìnrin!"

Ìyàwó rẹ̀ yọjú, ìyẹ̀fun wà lọ́wọ́ rẹ̀ méjèèjì. "Ọmọ wo? Ta ló lóyún?"

"Ketaki ni!"

"Ketaki lóyún? Yéè!"

"Ìwọ obìnrin yìí! Àwa la bí Ketaki! Wá gbọ́ ná!"

Shripati dúró títí wọ́n fi yé ara wọn. Inú àwọn méjèèjì dùn ju bó ṣe yẹ lọ. Kò sì sí ohun tó lè fi bá wọn wí. Ohun tó wá tọrọ ni wọ́n fún un.

"Láwàní ńkọ́?" Hanmant rántí lójijì. "Bàbá ìyàwó gbọ́dọ̀ wé láwàní tuntun. Àwọn ṣọ́ọ̀bù á ti tì."

Shripati mú àpò kan wá láti orí alùpùpù rẹ̀. Láwàní pupa kan wà nínú rẹ̀, tó lọ rà ní Satara nígbà tí wọ́n dá ọjọ́ ìgbéyàwó. Ó kàn gbé e lé Hanmant lọ́wọ́.

"Gba eléyìí," ó ní. "Orí wa kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀."

Lọ́jọ́ kejì, kí ọkọ tó gun ẹṣin dé, Hanmant jókòó síwájú àwòrò, ó na itan rẹ̀ méjèèjì. Ketaki ga jù ú lọ. Ó rọra jókòó, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa fi ẹsẹ̀ gbé ara rẹ̀ ró.

"Jókòó dáadáa," ni Hanmant wí. "Bí itan mi bá kán, nọ́ọ̀sì ṣáà ni ẹ́, wàá tò ó."

Àwọn obìnrin bú sẹ́rìn-ín. Ketaki náà rẹ́rìn-ín, omi sì bọ́ lójú rẹ̀ bó ṣe ń rẹ́rìn-ín. Ìyàwó Hanmant fi ṣúgà sí i lẹ́nu. Àwòrò ní ó parí. Kò pẹ́ rárá. Ìyá arúgbó Nandal jókòó níwájú pátápátá, ó ń wo gbogbo rẹ̀, ó ń mi orí. Ganpat jókòó tì í.

Nígbà tó tó àkókò, wọ́n ta aṣọ funfun sáàárín ìyàwó àti ọkọ, àwọn ènìyàn sì ń ju ìrẹsì lé wọn lórí. Wọ́n ká aṣọ náà kúrò. Àwòrò pe ìyàwó ní ọmọ Hanmant Pisal. Ó pe orúkọ bàbá Hanmant, ó pe orúkọ baba ńlá Hanmant. Hanmant fi ọwọ́ Ketaki lé ọwọ́ Tejas. Ìyàwó rẹ̀ da omi lé ọwọ́ wọn. Shevanta dúró sẹ́yìn òpó, ó fi etí aṣọ bo ẹnu.

Shripati kò mọ ibi tí wọ́n ń fi ọwọ́ sí nírú àkókò bẹ́ẹ̀. Ó lọ síbi àgbá omi, ó mú àwo pẹrẹsẹ kan, ó to ife sí i, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé omi fún àwọn àlejò láti ìlà kan sí ìkejì. Oòrùn mú. Gbogbo wọn ni òùngbẹ ń gbẹ.

Ọkùnrin kan tó bá ẹbí ọkọ wá láti Mumbai mu ife kan tán, ó mú òmíràn. Ọlọ́yàyà ni.

"Ẹ ṣé o, bàbá. Ọmọ yìí rẹwà. Ẹ sì wo bàbá rẹ̀ bó ṣe ń sunkún! Àánú rẹ̀ ṣe mí." Ó nu ẹnu. "Ẹ̀yin ńkọ́? Kí lẹ jẹ́ sí ìyàwó?"

Shripati wo orí pèpéle. Ketaki ń wá ojú ẹnì kan láàárín èrò.

"Èmi ni mo fẹ́ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀," ó ní. "Ẹ mu omi sí i."