Àwọn Sójà Inú Ẹ̀jẹ̀ Mutmainnah

Oyún kẹta náà bàjẹ́ mọ́ Mutmainnah lára. Nígbà tí òun àti Basit, ọkọ rẹ̀, ti ọsibítù dé, Alhaja Sẹ̀gilọlá, ìyá ọkọ rẹ̀, ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà agboolé wọn ní Bẹẹrẹ.

"Kí ni dókítà wí?"

"Wọ́n ní àwọn sójà kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tó ń bá àìsàn jà," Basit dáhùn. "Bí oyún bá ti dé, wọ́n á rọ́ wá sí ilé ọmọ."

Mutmainnah dúró kó parí ọ̀rọ̀. Kò parí rẹ̀.

"Sójà! Kí ni wọ́n ń wá níbẹ̀, bí kò ṣe láti pa ọmọ?" Alhaja ké.

Agboolé jagunjagun ni. Ìtàn ogun ni wọ́n fi ń tọ́ ọmọ níbẹ̀. Lójú wọn, ibi tí ọmọ ogun bá rọ́ dé ti tú nìyẹn.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, wọn kì í bá ọmọ jà," Mutmainnah wí. "Dókítà ní àwọn gan-an ló ń bá a la ọ̀nà ẹ̀jẹ̀, kó lè rí oúnjẹ jẹ. Nígbà mìíràn, ọ̀nà náà kì í là tó. Wọn ò tíì mọ̀ bóyá ohun tó ṣe tèmi nìyẹn."

"Ìyàwó, ṣé kọngílá tó ń la títì ni wọ́n?" Alhaja bi í.

Àwọn obìnrin ilé tó ń gbọ́ bú sẹ́rìn-ín. Alhaja kò rẹ́rìn-ín.

"Lọ sinmi lọ́dọ̀ ìyá ẹ ní Àrẹ̀mọ."

Gbogbo wọn ló mọ ìsinmi yẹn. Wọn kì í sábà lọ mú ìyàwó tó bá lọ bẹ́ẹ̀ padà wá.

Mutmainnah wo ọkọ rẹ̀. Basit ló bi dókítà ní ọsibítù bóyá ẹ̀bi aya òun ni. Dókítà ní rárá, kì í ṣe ẹ̀bi ẹnikẹ́ni. Ẹrẹ̀ tó wà lára bàtà rẹ̀ ni Basit ń wò.

Basit bá a nínú yàrá, níbi tó ti ń di ẹrù.

"Mo mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀bi ẹ."

"Ẹ lọ sọ ọ́ níta."

"Ṣebí o mọ Màmá."

"Mo mọ̀ wọ́n. Ẹ̀yin ni mi ò mọ̀."

Basit jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. Mutmainnah rọra ń di ẹrù, bóyá Basit yóò dìde lọ bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀. Kò dìde.

Mutmainnah gbé ẹrù, ó kúnlẹ̀ kí Alhaja, ó gba ọ̀nà Àrẹ̀mọ. Ẹ̀jẹ̀ kò tíì dá lára rẹ̀.