Aṣọ Pupa Ló Ń Ṣí

Ẹni tó bá fi ogún ọdún ránṣọ, kò sí àbàwọ́n tí kò mọ̀. Ohun tó kó bá ìyá aránṣọ yìí gan-an nìyẹn. Nígbà tí àmì pupa wínníwínní yọ sí ojúgun ọmọ rẹ̀, tí gbogbo ṣọ́ọ̀bù ń pè ní Abẹ́rẹ́ nítorí pé ó tẹ́ẹ́rẹ́, kíá ló ti dájọ́: "Aṣọ pupa tó o gbé lé ẹsẹ̀ lánàá ló ṣí sí ọ lára." Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ló fi ń fi kànìnkànìn ha ẹsẹ̀ ọmọ bí ẹni ń ha ìdí ìkòkò. Bẹ́ẹ̀, ọdún kejì rèé tí wọ́n ti sọ fún un pé lúpọ́ọ̀sì ló ń ṣe ọmọ yìí, àìsàn tí àwọn ọmọ ogun ara fi ń bá onílé jà.

Lọ́jọ́ kẹrin, ẹ̀jẹ̀ ń jáde ní erìgì Abẹ́rẹ́. Wọ́n dé ọsibítù. Dókítà fi ìka tẹ àmì náà, kò parẹ́.

"Ẹ̀jẹ̀ ni, mà. Abẹ́ awọ ló ń jò sí. Èyí tó máa ń dí ojú ọgbẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀? Ṣé orí ń fọ́ ọ?"

"Àná ni," ni ìyá wí. "Orí ò fọ́ ọ."

Irọ́ ni, ojú ló ń tì í. Láti ọjọ́ kejì ni Abẹ́rẹ́ ti ń di orí mú. Ọmọ náà kàn wo ìyá rẹ̀. Dókítà jáde, aránṣọ sì ń ro ọ̀rọ̀ rẹ̀. Bó bá ń jò lábẹ́ awọ ẹsẹ̀, kí ni kò ní jẹ́ kó jò nínú orí? Ẹnu mi yìí ni yóò pa ọmọ mi, ló ń sọ lọ́kàn. Ó sáré tẹ̀lé dókítà.

"Ẹ jọ̀ọ́, mo purọ́ ni. Ọjọ́ kẹrin rèé. Orí ń fọ́ ọ. Mo tún fi kànìnkànìn ha á."

Dókítà ò bá a wí. Ó ní kí wọ́n tètè lọ ya fọ́tò orí. Ẹ̀jẹ̀ ti ń jò síbẹ̀ lóòótọ́, díẹ̀. "Ká ní ilẹ̀ ṣú ká tó mọ̀ ni," ó ní, kò parí ọ̀rọ̀. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára, wọ́n fún un lóògùn.

Ẹ̀rù ò jẹ́ kí ìyá fọwọ́ kan ọmọ rẹ̀ mọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta ní ọsibítù, tí wọ́n ń retí èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, ó rí àmì pupa tuntun lẹ́yìn ọwọ́ Abẹ́rẹ́.

"Mọ́mì, ẹ nù ún wò."

"N ò nu nǹkan kan mọ́ láyé mi."

"Ẹ ṣáà nù ún."

Ó fi itọ́ sí àtàǹpàkò, ó rọra nù ún. Ó parẹ́. Bùláòsì pupa tí ìyá fúnra rẹ̀ wọ̀ ló ṣí sí ọmọ lọ́wọ́, níbi tí ọmọ ti di apá rẹ̀ mú sùn lóru. Bí dókítà ṣe mú èsì wọlé pé èyí tó ń dí ojú ọgbẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ ti ń pọ̀ sí i, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ló bá aránṣọ, ó gbé ọwọ́ ọmọ rẹ̀ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó ń sunkún.