Ìka Kì í Purọ́

Ẹ̀jẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ fún Ìyá Aránṣọ pé abẹ́rẹ́ ti gún un. Ó ń gán etí aṣọ ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ obìnrin lọ́wọ́, aṣọ funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ó ṣàdédé rí i tí igun kan ń pọ́n. Ó yí ọwọ́ padà, ó sì bá abẹ́rẹ́ tó dúró gbọin nínú ìka rẹ̀. Kò dùn ún rárá, ìyẹn gan-an ló bà á lẹ́rù.

Obìnrin yìí kì í fi ojú yẹ iṣẹ́ wò. Bó bá rán aṣọ tán, á di ojú pa, á fi ìka tọ ojú rírán láti òkè délẹ̀. Bí òwú kan bá fò, ìka á bá a níbẹ̀. "Ojú lè purọ́," ló máa ń wí fún oníbàárà tó bá ń kánjú, "ìka kì í purọ́." Bí wọ́n bá ń kùn, kí wọ́n máa kùn lọ.

Àárẹ̀ lásán ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọ̀kan ṣoṣo tó bí, rí i pé ẹ̀yìn ń dun ìyá òun lórí ẹ̀rọ ìránṣọ, ó sì ra ike fítámì kan fún un, èyí tó lágbára jù nílé oògùn. Àbúrò ìyá gbọ́, ó ní òun ò ní gbẹ́yìn, ó gbé tirẹ̀ dé, èyí tí wọ́n ń pò mọ́ omi. Ìyá Aránṣọ fúnra rẹ̀ tún ra ẹ̀kẹta lójú títì. Orúkọ wọn ò jọra, àwọ̀ wọn ò jọra, ó sì ń lo gbogbo wọn. Ta ni a ó gba tirẹ̀ tí a ó kọ ti ẹnìkejì? Ìfẹ́ ni wọ́n fi rà á.

"Ṣé kò ti pọ̀ jù báyìí, Màámi?" ọmọ bi í lọ́jọ́ kan.

"Fítámì kọ́? Ohun tó wà nínú oúnjẹ náà ni. Ṣé oúnjẹ ń pààyàn ni?"

"Jẹ́ kí wọ́n máa lò ó jàre," àbúrò ìyá dá sí i. "Tó bá di ọjọ́ ìgbéyàwó, màmá ẹ ni wọ́n máa pè ní ìyàwó!"

Nígbà tí ìka rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é bíi pé èèrà ń rìn nínú wọn, ó ní ọjọ́ orí ló dé, ó sì fi kún fítámì. Nígbà tí àtẹ́lẹsẹ̀ náà kú, tó ń wo ilẹ̀ kó tó gbé ẹsẹ̀, ó tún fi kún un. Àṣejù, baba àṣetẹ́. Gbogbo wa la mọ òwe náà, a kàn kì í rántí rẹ̀ níwájú ohun tí wọ́n bá ní ó dára fún ara.

Lọ́jọ́ tí ẹ̀jẹ̀ kan aṣọ, ọmọ rẹ̀ mú un lọ sílé ìwòsàn pẹ̀lú gbogbo ohun tó ń lò. Dókítà to àwọn ike náà sórí tábìlì, ó yí ẹ̀yìn wọn síta, ó sì ń fi bírò tọ́ka sí ohun kan náà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan: fítámì B6.

"Ohun kan náà lẹ ń lò lọ́nà mẹ́ta, Màmá. Ara nílò rẹ̀, ṣùgbọ́n níwọ̀nba ni. Tó bá pọ̀ jù, ó lè ba iṣan tó ń jẹ́ kéèyàn mọ nǹkan lára jẹ́."

"Kí ni kí n wá lò sí i?"

"Ẹ dá gbogbo wọn dúró ni. Ìmọ̀lára ọwọ́ àti ẹsẹ̀ yín lè padà díẹ̀díẹ̀, ó sì lè má padà tán. Mi ò ní purọ́ fún yín."

Níta, ọmọ bú sẹ́kún. "Èmi ni mo ra èyí tó lágbára jù."

"Panu mọ́. Ìwọ lo ní kí n máa dà á sẹ́nu bí ẹ̀pà?"

Ó fi ṣàwàdà, ṣùgbọ́n omi ti dé ojú òun náà. Aṣọ yẹn ló ń rò. Láti ìgbà tí ọmọ yìí ti wà ní kékeré ni òun ìyá ti ń sọ pé ọwọ́ òun ni yóò rán èyí tí ọmọ náà yóò wọ̀ lọ sílé ọkọ.

Ọmọ ló parí rẹ̀. Ẹni tí kò mọ abẹ́rẹ́ dì mú tẹ́lẹ̀ jókòó ti ìyá rẹ̀, ìyá ń fẹnu júwe, ọmọ ń gán, wọ́n ń tú u, wọ́n ń tún un rán. Wọ́n gé ibi tí ẹ̀jẹ̀ kàn, wọ́n sì fi òmíràn rọ́pò rẹ̀.

"Ó ti tán. Ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò, Màámi."

Ìyá Aránṣọ jókòó dáadáa. Ó di ojú pa gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, ó sì na ọwọ́ síwájú, ó ń dúró.

"Gbé etí ẹ̀ wá," ló wí nígbà tó yá. "Kí lo tún ń ṣe?"

Ọmọ kúnlẹ̀ tì í.

"Ó ti wà lọ́wọ́ yín, Màámi."