Sisí Clementina Lọ sí Àyọ̀bọ̀

Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ irọ́, kó má wá sọ́dọ̀ Sisí Clementina ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ọmọ àwọn Àgùdà ni, kì í pa Mísà àárọ̀ jẹ, kò sì sẹ́ni tí kò lè sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ lójú ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ohun tó ṣe lọ́jọ́ Túsìdeè yẹn fi ya èmi gan-an lẹ́nu.

Ọmọbìnrin kan ló kan ilẹ̀kùn, Fìyìnfólúwa lorúkọ ẹ̀, ó so káàdì mọ́rùn, ó gbé tábúlẹ́ẹ̀tì dání. Ó kúnlẹ̀ kí màmá, ó ní àwọn ń ṣe ìwádìí lórí bí ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀sì ìlú Èkó ṣe máa dáa sí i. Ibi tí àwọn èèyàn bá ń lọ jù ni wọ́n máa wò kí wọ́n tó gbé bọ́ọ̀sì tààrà síbẹ̀, èyí tí èèyàn ò ní sọ̀kalẹ̀ nínú ẹ̀ títí tó fi máa débẹ̀.

"Màmá, níbo lẹ lọ lọ́sẹ̀ tó kọjá?"

Há! Níbo ni Sisí lọ? Ṣọ́ọ̀ṣì ni, àti Ìdúmàgbò tó ti lọ ra òwú ìránṣọ. Ẹsẹ̀ ló sì fi rin méjèèjì. Àmọ́ "bọ́ọ̀sì tààrà" yẹn ti wọ̀ ọ́ létí, kò jáde mọ́. Bùrọ̀dá Reginald, ẹ̀gbọ́n ẹ̀ kan ṣoṣo tó kù láyé, ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ ẹ̀ ní Àyọ̀bọ̀. Ọdún mẹ́rin rèé tí wọn ò ti fojú kanra. Ọkọ̀ mẹ́rin lèèyàn máa wọ̀ kó tó débẹ̀, orúnkún Sisí ò sì gba kó máa gun ọkọ̀, kó máa bọ́ ọkọ̀. Fóònù ni wọ́n fi ń gbóhùn ara wọn, ṣùgbọ́n ojú lọ̀rọ̀ wà. Láti Kérésìmesì ni Bùrọ̀dá sì ti ń bi í lórí fóònù pé, "Ta ló ń sọ̀rọ̀?" Àárò ẹ̀ ń sọ Sisí débi pé gbogbo Gúdù Fúráídè ló máa ń gbé abọ́ fùrẹ́jọ̀n, ẹ̀wà alágbọn yẹn, ti Bùrọ̀dá kalẹ̀ lórí tábìlì, torí àgbà ló ń kọ́kọ́ tọ́ ọ wò nílé wọn.

Ẹ gbọ́ ohun tó jáde lẹ́nu ẹ̀: "Àyọ̀bọ̀ ni. Mo lọ ní Sọ́ńdè. Mo tún lọ ní Wẹ́sìdeè."

Fìyìnfólúwa tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀. "Kí lẹ wọ̀ lọ, mà?"

"Mólúè ni, láti Marina. Ẹ̀yìn dírẹ́bà ni mo jókòó sí."

Ọmọ náà gbójú sókè. "Mólúè kẹ̀, Màmá? Mólúè ti kúrò ní Marina kí n tó wọ sẹ́kọ́ńdírì!"

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo lòótọ́ máa bá a. Ti Sisí ò lọ tó ìṣẹ́jú méjì. Ojú tì í, omi sì lé ròrò sójú ẹ̀.

"Mi ò lọ, ọmọ mi. Ó wù mí kí n lọ ni. Ṣé kò síbi tẹ́ ẹ lè kọ ìyẹn sí?"

Ọmọ náà wo tábúlẹ́ẹ̀tì títí. "Kò sí, mà. Ìrìnàjò téèyàn bá rìn nìkan ni wọ́n ń kà. Ẹ má bínú, màá pa á rẹ́ ni."

"Ìgbà wo lẹ máa parí ìwádìí yín?"

"Sátidé, mà."

"Pa á rẹ́," ni Sisí wí. "Ṣùgbọ́n yà lọ́dọ̀ mi ní Sátidé yẹn. Wàá rí nǹkan kọ."

Ẹ wo àgbàlagbà! Ní Tọ́sìdeè, kí oòrùn tó mú, ó ti wà ní Marina, ó wọ gáùn ṣọ́ọ̀ṣì, ó mú ọ̀pá dání. Ọkọ̀ kìíní gbé e dé Ọ̀ṣòdì. Níbẹ̀ ló ti gun àtẹ̀gùn afárá, orúnkún ń ké, òun náà ń ké pe Màríà Mímọ́. Ìkejì gbé e dé Ìyànà-Ìpájà, ìkẹta gbé e dé Àyọ̀bọ̀, kẹ̀kẹ́ Máruwá ló wá já a sẹ́nu géètì. Ó ń ka ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan sókè, kó má baà gbàgbé ohun tó máa sọ ní Sátidé. Ó rẹ̀ ẹ́ tẹnutẹnu, ṣùgbọ́n inú ẹ̀ ń dùn bíi tọmọdé.

Bùrọ̀dá Reginald wà lórí àga ní fàráńdà. Ó ti rù. Sisí dúró níwájú ẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, mà," ni Bùrọ̀dá wí. "Ẹ má bínú pé mi ò dìde. Mò ń retí ẹnìkan ni."

Láti kékeré, kò kí i bẹ́ẹ̀ rí. Sisí tẹ̀ síwájú. "Ta lẹ̀ ń retí?"

"Àbúrò mi. Clementina. Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó ló ń gbé. Àwọn ọmọ yìí ní ọ̀nà jìn, pé kò lè wá. Wọn ò mọ̀ ọ́n ni! Yóò wá." Ó fa àga kan súnmọ́ ara ẹ̀, ó fi ọwọ́ nu orí àga náà. "Ibí ló máa jókòó sí. Ẹ lè fìdí lé e ná, mà. Tó bá ti dé, ẹ ó dìde fún un."

Sisí jókòó. Ó fẹ́ pariwo pé òun rèé, ṣùgbọ́n ojú tí Bùrọ̀dá fi ń wo géètì kò jẹ́ kó lè sọ ọ́. Ó di ọwọ́ ẹ̀gbọ́n ẹ̀ mú.

"Mo ti gbọ́, Bùrọ̀dá mi," ló wí. "Ẹ jẹ́ ká jọ máa retí ẹ̀."