Igun Inú Èèkù

Nígbà tí ọ̀bẹ náà dá sí méjì lẹ́nu fáìsì tó dì í mú, obìnrin alágbẹ̀dẹ náà kọ́kọ́ rò pé òòlù òun ló wúwo jù. Bẹ́ẹ̀, ó kàn rọra gbá a kó lè tọ́ ni, kó tó wọ èèkù sí i. Ó mú ìdajì méjèèjì lọ sẹ́nu fèrèsé. Ibi tí ojú ọ̀bẹ ti pàdé ìrù rẹ̀, ìyẹn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó máa ń fara pamọ́ sínú igi èèkù, ibẹ̀ gan-an ló ti dá. Apá kan ibẹ̀ funfun, ó ń dán. Apá kejì dúdú bí èédú.

Irin tó bá dá lónìí, funfun ni inú rẹ̀ máa ń jẹ́. Dúdú yẹn, iná àti epo ló kùn ún. Ọ̀bẹ náà ti sán láti ọjọ́ tó ti yọ ọ́ nínú iná tó rì í bọ inú epo, òun sì ń dán an bí ẹni tó ríṣẹ́ ṣe.

Bó bá ṣe èyí nìkan ni, kì bá tí burú. Kò sí alágbẹ̀dẹ tí iṣẹ́ kì í bàjẹ́ mọ́ lọ́wọ́, àwáwí kì í sì í wọ́n wọn. Ṣùgbọ́n ìkejì ọ̀bẹ yìí, èyí tó rọ láti ara sípíríǹgì ọkọ̀ kan náà, tó fi fáìlì ìharin kan náà gé igun ibi tí ojú rẹ̀ ti pàdé ìrù, ó ti pé ọ̀sẹ̀ méjì tó ti wà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, alápatà tó ń ya oríkèé egungun láti àárọ̀ di ọ̀sán.

Kò dúró bọ́ épúrọ́ọ̀nù. Ó fi àkísà wé ọ̀bẹ tó dá, ó tì í bọ àpò, ó di títì. Ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí fóònù, kò gbé e. Ta ló fẹ́ fi ọwọ́ ẹlẹ́jẹ̀ gbé fóònù? Ó gun alùpùpù. Ẹni tó gbé e ń sáré, ó ní kò sáré tó. Nígbà tí wọ́n dé ibi tí wọ́n ti ń tún ọ̀nà ṣe, kò lè jókòó mọ́. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó ń fẹsẹ̀ rìn, ó ń bá ara rẹ̀ jà lójú títì.

Ta ló rán an níṣẹ́? Bàbá wọn tó kọ́ ọ níṣẹ́ kò yé wí i: "Igun tó bá mú, ibẹ̀ ni irin ti ń ya. Fi fáìlì roboto yí i po." Gbogbo ayé rẹ̀ ni bàbá fi yí igun po, ọ̀bẹ rẹ̀ kan kò sì dá níbẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n igun tó yípo kì í jẹ́ kí èèkù lẹ̀ mọ́ ojú ọ̀bẹ pinpin, ihò bíńtín máa ń kù. Ẹ̀gbọ́n ti wo ọ̀bẹ tó kọ́kọ́ rọ fún un, ó yínmú: "Ẹ̀jẹ̀ á máa wọ ihò yìí. Á máa rùn." Ó dá a padà, ó ń lo ọ̀bẹ ilé ìtajà rẹ̀ lọ.

Ó dùn ún wọra. Ẹ̀gbọ́n yìí ló yẹ kó jogún àgbẹ̀dẹ, òun ló sá fún èéfín. Ọdún méje ni àbúrò fi ń rọ ọ̀bẹ tí ẹ̀gbọ́n kò fọwọ́ kàn. Ló bá gé igun tuntun náà gún régé bí igun àpótí, èèkù sì wọ̀ ọ́, omi kò lè gbabẹ̀ kọjá. Ẹ̀gbọ́n gbà á. Ó tilẹ̀ rẹ́rìn-ín.

Ó bá a ní odò ẹran nídìí tábìlì, ó dojú kọ itan màlúù.

"Ẹ wò ó!" ni ẹ̀gbọ́n ké sí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. "Ẹni tó rọ ọ̀bẹ mi ló dé yìí! Ọ̀sẹ̀ méjì, mi ò tíì fi kan òkúta."

"Bọ̀dá mi, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní ọ̀bẹ yẹn."

"Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Mo fẹ́ bá yín pọ́n ọn ni."

"Ṣé o ò gbọ́ ni? Mo ní ó mú!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n ki ọ̀bẹ bọ oríkèé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí i sọ́tùn-ún, sósì, kí egungun lè ya. Yíyí yẹn gan-an ni irin tó ti sán kò lè gbà. Ọwọ́ òsì rẹ̀ sì rèé níwájú ojú ọ̀bẹ. Obìnrin náà wo ìka márààrún. Ojú ń tì í, ẹ̀rù ń bà á, ẹ̀rù ló borí.

"Ẹ dúró! Ó ti sán nínú èèkù. Èmi ni mo bà á jẹ́!"

Alápatà kan tó yọkùn ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ọ̀bẹ tó ń ya egungun láti ọ̀sẹ̀ méjì? Àǹtí, ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ o."

Ẹ̀gbọ́n ò rẹ́rìn-ín mọ́. "Bó o bá fẹ́ gbà á padà, sọ ọ́." Ó ki ẹnu ọ̀bẹ sáàárín pákó tábìlì méjì, ó fara tì í. Ọ̀bẹ tẹ̀ díẹ̀, ó tọ́ padà. "Ṣé o rí i?"

Àbúrò tú àkísà sórí tábìlì.

Ẹ̀gbọ́n mú ìdajì kan, ó gbé e sí ìmọ́lẹ̀. Ẹni tó sá kúrò lágbẹ̀dẹ ṣì jẹ́ ọmọ alágbẹ̀dẹ. Ojú rẹ̀ lọ tààrà síbi dúdú, ó sì dúró síbẹ̀. Ó tún wo ọ̀bẹ tirẹ̀ nínú pákó. Kò fara tì í mọ́. Ó fi ẹ̀yìn àáké gbá èèkù lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́ẹ̀kan péré, bí ẹni kan ilẹ̀kùn.

Ọ̀bẹ dá. Èèkù fò sábẹ́ tábìlì, ojú ọ̀bẹ dúró ṣánṣán nínú pákó. Gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ wò ó. Dúdú ló gba ọ̀pọ̀ ibẹ̀. Funfun tó kù, tó ń di gbogbo rẹ̀ mú, kò fẹ̀ ju èékánná ọmọ ọwọ́ lọ. Alápatà oníkùn rọra fa ọwọ́ tirẹ̀ sẹ́yìn.

"Ta ló gé igun yìí báyìí?" ni ẹ̀gbọ́n bi í.

"Èmi ni."

"Bàámi ò kọ́ ẹ bẹ́ẹ̀."

"Ẹ ní ẹ̀jẹ̀ á máa wọ ihò. Mo fẹ́ kí ẹ gbà á ni."

Ẹ̀gbọ́n ń pa ọwọ́ òsì rẹ̀ dé, ó ń ṣí i. Ó mú èèkù lábẹ́ tábìlì, ó nù ún, ó fi lé àbúrò rẹ̀ lọ́wọ́, ó sì na ọwọ́ mú ọ̀bẹ ilé ìtajà. Obìnrin náà yí padà kí wọ́n má bàa rí ojú rẹ̀. Ó ti dé ẹnu ọ̀nà kó tó gbọ́ ohùn ẹ̀gbọ́n.

"Ìgbà wo ni òmíràn máa jáde?"

Ó dúró. "Ọjọ́ mẹ́ta, Bọ̀dá mi."

"Yí igun rẹ̀ po. Jẹ́ kó ní ihò. Èmi ni màá máa fọ ẹ̀jẹ̀ ibẹ̀."