Ìkòkò Tí Kò Ní Ba Tábà Jẹ́

Ọjọ́ kejì tí Jọmílójú padà sí Amẹ́ríkà ni Bánjọ, bàbá rẹ̀, jókòó lé ìkòkò tábà rẹ̀ lórí nínú mọ́tò. Bánjọ gbọ́ tí nǹkan kan dún kẹ̀rẹ́ lábẹ́ ìdí rẹ̀ bó ṣe ń yí ráńdábáòtù Galadimawa, ṣùgbọ́n kò fura. Ìgbà tó délé tó fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ ló rí i. Ọ̀pá ìkòkò náà ti kán, ẹnu rẹ̀ sì ti là láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó gbé e lé àtẹ́lẹwọ́, ó ń wò ó bí ẹni tó ń wo adìyẹ tí mọ́tò pa.

Kì í ṣe pé Bánjọ ní afẹ́ púpọ̀ láyé. Ọ̀gá ni ní iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ kan, ó ku díẹ̀ kó fẹ̀yìn tì, kò mu ọtí, kò sì mu sìgá. Ìkòkò tábà nìkan ló máa ń mu, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, lẹ́yìnkùlé, níbi tí Lydia ìyàwó rẹ̀ ti fún un láyè, nítorí Lydia ti kìlọ̀ fún un pé èéfín kankan kò gbọdọ̀ wọ inú kọ́tìnì òun. Amẹ́ríkà ló ti kọ́ ọ, nígbà tí ìjọba rán an lọ kàwé lọ́hùn-ún. Bàbá onílé rẹ̀ níbẹ̀ a máa pè é jókòó níwájú ilé ní ìrọ̀lẹ́, a sì bu tábà kan fún un, tí wọ́n pò pọ̀ láti ara ewé méjì. Ọ̀kan ni Fàjíníà, ewé pupa tó dùn. Èkejì ni Pẹríìkì, ewé dúdú tí wọ́n ń tẹ̀ mọ́ inú àgbá onígi títí yóò fi kan nínú omi ara rẹ̀. Láti ìgbà tó ti padà wálé, ohun tó bá rí ló ń mu, ṣùgbọ́n adùn ti bàbá onílé yẹn kò kúrò lọ́kàn rẹ̀.

Kérésìmesì ọdún 2016 ni Jọmílójú gbé agolo tábà yẹn kan wá fún un. Inú Bánjọ dùn débi pé kò fẹ́ ṣí i nígbà tí àlejò kún ilé. Ó ní kí ilé kọ́kọ́ pa rọ́rọ́ ná. Ilé pa rọ́rọ́ lóòótọ́, ìkòkò sì fọ́.

Ó wá òmíràn dé ọjà Wuse. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń ta ṣíṣà mú ohun èlò gíga onírọ́bà wá fún un, wọ́n ní òun ni ayé ń lò báyìí. Ẹnìkan mú ọ̀pá gíláàsì kan jáde lábẹ́ káńtà, ó sì ń wo ọ̀tún wo òsì bí ẹni tó ń ta igbó. Bánjọ pòṣé, ó kúrò níbẹ̀. Ó pe Jọmílójú lórí fóònù. Jọmílójú ní òun á wá ẹni tó ń bọ̀ wálé tí yóò gbé òmíràn wá, bóyá lẹ́yìn Àjíǹde.

"Àjíǹde!" ni Bánjọ wí. Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn ó ṣí agolo, ó ya bébà, ó wé tábà náà bí sìgá. Bébà nìkan ló mọ̀ lẹ́nu. Ọyẹ́ tó ń fẹ́ lẹ́yìnkùlé sì jẹ́ kí iná rẹ̀ máa jó fòfò, ó sì ta á lẹ́nu gan-an.

Ajíbọ́lá, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì, ló sọ fún un nípa Jàbárù. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni Jàbárù, gbẹ́nàgbẹ́nà tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Jikwoyi, lẹ́bàá ọ̀nà Karshi. Ẹsẹ̀ àga àti ọ̀pá àtẹ̀gùn ló ń fi ẹ̀rọ yí jù lọ. Bánjọ gbé ìkòkò fífọ́ náà lọ bá a.

Jàbárù yí i lọ́wọ́, ó fojú wọn ihò rẹ̀, ó fi koríko wọ inú ọ̀pá. "Ọ̀gá, èyí ò le," ló wí. "Ẹ fi sílẹ̀ fún mi. Ẹ padà wá lọ́jọ́ Sátidé."

Ìkòkò tó ṣe dára lójú. Igi ọ̀gànwó ló lò, ó ń dán yanranyanran. Níwájú ṣọ́ọ̀bù níbẹ̀ ni Bánjọ ti bu tábà sí i, ó ṣáná, ó fà á. Ojú rẹ̀ yí padà.

"Kí ló dé, ọ̀gá?"

"Ó korò bí oróǹro." Bánjọ tutọ́ sílẹ̀. "Igi ni mò ń mu, kì í ṣe tábà."

Ó tún fà á, bóyá yóò kúrò lẹ́nu. Kò kúrò. Nígbà tó fi gbọn eérú dànù, ahọ́n rẹ̀ ti ń ta á, tábà tó ṣòfò sì ń dun ọkàn rẹ̀.

Jàbárù ní kò burú, òun á fi igi tí kò korò ṣe òmíràn. Igi ọsàn ló wá lò. Ṣùgbọ́n igi náà kò tíì gbẹ dáadáa, omi ń hó nínú rẹ̀ ṣùù bí iná ṣe ń kàn án, Bánjọ sì ń fa omi kíkan gbígbóná sẹ́nu. Kó tó mu ún dé ìdajì, ìdí ìkòkò náà jóná, ó lu. Bánjọ sáré jù ú sílẹ̀, ó ń fẹ́ ìka rẹ̀.

"Kò rí bẹ́ẹ̀!" ló wí. "Jàbárù, kò rí bẹ́ẹ̀ rárá!"

Jàbárù náà ti ń gbóná. Ó ti pa iṣẹ́ àga oníṣọ́ọ̀ṣì kan tì nítorí ìkòkò yìí. "Ọ̀gá, ẹ̀ ń sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀, kò rí bẹ́ẹ̀. Báwo ló ṣe yẹ kó rí gan-an? Ẹ sọ ọ́ fún mi kí n mọ ohun tí mò ń wá."

Bánjọ ṣí agolo tábà, ó wò ó. "Ó máa ń dùn bí... Ṣé o mọ èso ọ̀pọ̀tọ́?"

"Mi ò jẹ ẹ́ rí."

"Èmi náà ò rí igi rẹ̀ rí, inú Bíbélì ni mo ti mọ orúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n máa ń tà á ní gbígbẹ lọ́hùn-ún. Kì í ṣe dídùn bíi ṣúgà. Ó dùn, ó tún kan díẹ̀. Lẹ́yìn náà ata kan á wá, àmọ́ kì í ṣe ata ọbẹ̀. Imú ló máa ń gbà wá."

"Ata tó ń gba imú wá." Jàbárù tún un wí, kò sì jọ pé ó yé e. Ó gba agolo, ó gbé imú sí i, ó dijú. "Ó ń rùn bí omi ògì tó ti kan, tí wọ́n wá da oyin sí."

"Omi ògì kẹ̀?" Inú bí Bánjọ. Ó já agolo gbà, ó fimú sí i láti já a nírọ́. Ó gbóòórùn rẹ̀ títí, ó sì rọra dé e, nítorí ọkùnrin náà kò jìnnà sí òtítọ́.

"Ṣé igi tí kò ní òórùn rárá lẹ̀ ń wá?" ni Jàbárù bi í.

"Igi tí kò ní dá sí ọ̀rọ̀ náà ni mò ń wá. Kó kàn gbé tábà dání ni."

"Kò sírú igi bẹ́ẹ̀, ọ̀gá. Gbogbo igi ló ní ohun tó ń sọ." Jàbárù ju ìkòkò jíjóná náà sínú igi wẹ́wẹ́. "Èmi ò mọ ohun tó ń dà yín láàmú. Ìyá bàbá mi fi ìkòkò amọ̀ mu tábà títí ó fi re ibi àgbà ń rè. Kò fi ọjọ́ kan bá ẹnikẹ́ni jà nítorí igi!"

Àwọn méjèèjì wo ara wọn. Ìbínú kò tíì kúrò lójú ẹnì kankan, ṣùgbọ́n Bánjọ ti ń wá kọ́kọ́rọ́ mọ́tò nínú àpò rẹ̀.

"Ibo la ti lè rí amọ̀?" ló béèrè.

Ọ̀nà Bwari ni wọ́n gbà, níbi tí àwọn obìnrin Gbàgyí ti ń mọ ìkòkò. Ìyá àgbà kan ni wọ́n bá lábẹ́ igi máńgòrò. Jàbárù kí i ní Hausa, "Sànnu, Mama," ó sì fi ọwọ́ júwe ohun tí wọ́n ń fẹ́. Nígbà tó yé ìyá náà pé ìkòkò tí kò tó ẹyin adìyẹ ni àgbàlagbà méjì tìtorí rẹ̀ wá, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Síbẹ̀ ó mọ ọ́n. Ó fi igi tínínrín lu ihò síbi tí Jàbárù fi hàn án, ó ní kí wọ́n padà wá lẹ́yìn tí òun bá ti sun ún.

Nígbà tí wọ́n padà lọ, ó ti là nínú iná. Ìyá náà fi àfọ́kù rẹ̀ hàn wọ́n, ó mi orí, ó ní òun á mọ òmíràn. Bánjọ padà sí Galadimawa pẹ̀lú eruku ọ̀nà Bwari nínú imú.

Ó yẹ kó fi agolo sílẹ̀ jẹ́ẹ́, ṣùgbọ́n kò lè ṣe é. Ní ìrọ̀lẹ́, bó bá ti dé láti ibi iṣẹ́, á ṣí i, á gbóòórùn rẹ̀, á tún dé e. Nígbà mìíràn á ṣubú sínú ìdánwò, á fa ọ̀gànwó kíkorò yẹn jáde, á ní bóyá ìkorò rẹ̀ ti lọ. Kò lọ. Ahọ́n rẹ̀ bó. Ọyẹ́ mú tábà náà gbẹ títí ó fi ń rún lọ́wọ́. Tábà náà dín kù títí ó fi ku ohun tó lè kún ìkòkò kan péré.

"Dádì Jọmílójú, ẹ fi nǹkan yìí sílẹ̀," ni Lydia wí fún un, nígbà tó rí i tó ń fi omi tútù fọ ẹnu kó tó lè jẹun. "Ṣé ìyà kọ́ lẹ fi ń jẹ ara yín?"

"Mi ò tíì mu ún," ni Bánjọ dáhùn. "Látọjọ́ yìí, mi ò tíì mu ún rárá."

Ìkejì tí ìyá náà mọ kò là. Jàbárù fi igi ṣe ọ̀pá gígùn sí i kí èéfín lè tutù kó tó dé ẹnu. Ó fi aṣọ tútù bo tábà tó kù mọ́jú kó lè rọ̀, bí Bánjọ ṣe ní kó ṣe. Ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan, Bánjọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì níwájú ṣọ́ọ̀bù, ó rọra ki tábà náà sínú ìkòkò amọ̀. Ó ṣáná. Ó fà á.

Kò sí nǹkan kan. Gbígbóná ló wà níbẹ̀, àti títa. Ó tún fà á, ó fẹ́ gba imú tú u jáde, ṣùgbọ́n ọ̀fìnkìn ọyẹ́ ti dí imú náà pa.

"Kò rí bẹ́ẹ̀," ló wí. "Amọ̀ náà ò ṣe é."

Jàbárù kò gbà. "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n tọ́ ọ wò. Mi ò mu ún rí, ṣùgbọ́n mo ti jìyà rẹ̀ tó." Ó nu ẹnu ọ̀pá náà, ó fà á díẹ̀, ó wúkọ́. Ó dúró. Ó tún rọra fà á, ó gbé e sẹ́nu bí ẹni tó ń tọ́ ọbẹ̀ wò, ó sì jẹ́ kó gba imú jáde.

Ó lajú.

"Ó wà níbẹ̀," ló wí.

"Kí ló wà níbẹ̀?"

"Ó kọ́kọ́ dùn. Bí ìgbà téèyàn dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé búrẹ́dì láàárọ̀. Lẹ́yìn náà nǹkan kan kan díẹ̀, bí àgbálùmọ̀ tó ti pọ́n jù." Ó tún fà á. "Ọ̀gá! Ata yẹn! Bí ìyèré ni, ó gba imú wá bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀! Òun nìyẹn àbí?"

Òun ni. Bánjọ mọ̀ pé òun ni. Ó já ìkòkò náà gbà, ó fà á, ó dúró de ata, ó dúró de adùn. Bí iyọ̀ lójú egbò ló ṣe rí lẹ́nu rẹ̀.

"Ẹ yọ ahọ́n yín kí n rí i," ni Jàbárù wí. Bánjọ yọ ọ́. Jàbárù mi orí. "Háà! Ọ̀gá, ahọ́n yín ti bó tán. Ó pọ́n bí ata rodo. Kò lè mọ iyọ̀ yàtọ̀ sí ṣúgà."

Bánjọ gbé ìkòkò náà sókè bí ẹni tó fẹ́ fọ́ ọ mọ́lẹ̀. Kò mọ ẹni tí yóò bínú sí. Igi kọ́, amọ̀ kọ́, gbẹ́nàgbẹ́nà kọ́. Àìnísùúrù òun fúnra rẹ̀ ló jẹ ẹ́ lẹ́nu bó.

"Ṣé kí n pa iná rẹ̀, kí ẹ lè tọ́jú ìyókù?" ni Jàbárù bi í jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́.

"Tábà tí iná ti mú kì í rí bákan náà mọ́." Bánjọ na ìkòkò sí i. "Máa mu ún. Rọra fà á o, bí o bá yára, wàá jó adùn rẹ̀ dànù. Kí o sì máa sọ bó ṣe rí fún mi."

Jàbárù jókòó tì í lórí bẹ́ǹṣì. Ó ń fà á, ó ń sọ ọ́. Ó ní àgbálùmọ̀ yẹn ti lọ, ìyèré ló kù. Ó ní adùn ti padà dé. Bánjọ dijú, ó ń gbọ́. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan á ké mọ́ ọn pé, "Rọra! Mo ní kó o rọra!" Jàbárù á sì ní, "Ẹ má bínú, ọ̀gá." Bẹ́ẹ̀ ni tábà náà ṣe jó dé ìdí ìkòkò, tó di eérú funfun.

Nígbà tó délé, Lydia ti gbé ògì tútù kalẹ̀ fún un, nítorí ó mọ̀ pé kò lè jẹ ọbẹ̀. Obìnrin náà gbóòórùn èéfín lára aṣọ rẹ̀, kò sì bú u. Ó jókòó síwájú rẹ̀.

"Ẹ ti wá mu ún lónìí. Ṣé ó dùn?"

Bánjọ po ògì náà títí, kò tíì gbé e sẹ́nu.

"Wọ́n ní ó dùn," ló wí.