Òwú Ìyá Ọ̀ṣunlọlá Ní Oríkèé Páìpù

Àwọn àgbà ní omi tí ènìyàn yóò mu kò ní ṣàn kọjá rẹ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n omi tí Dìran fẹ́ kí Ọ̀gbẹ́ni Herbert máa mu ní Aké, ṣíṣàn ló ń ṣàn kọjá, kò sì gbọ́ ẹ̀bẹ̀.

Dìran yìí, ọmọ Ẹ̀gbá ni, Sàró ló ti kọ́ iṣẹ́ irin. Ọdún kẹta lẹ́yìn tí ogun Dàhọ̀mì fọ́ lẹ́nu odi Àró ló padà wálé, ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, Ìyá Ọ̀ṣunlọlá, ló sì dé sí ní Ìjemọ̀. Iṣẹ́ tó kọ́kọ́ rí gbà ni ti Herbert, ará Sàró bíi tirẹ̀, tó kọ́lé onípáànù. Herbert ra àgbá irin ńlá kan, irú èyí tí wọ́n fi ń kó omi nínú ọkọ̀ òkun, ó gbé e lé orí òpó lẹ́yìn ilé kí òjò orí páànù lè máa ṣàn sínú rẹ̀. Láti ìdí àgbá náà ni ọ̀pá irin oníhò, èyí tí wọ́n ń pè ní páìpù, yóò ti gbé omi wọ ilé ìdáná. Páìpù méjì ni. Wọ́n gbẹ́ etí ọ̀kan yípo yípo bí ìdí ìgbín, wọn yóò sì yí i wọ inú èkejì. Ibi tí àwọn méjèèjì ti pàdé, ní oríkèé yẹn, ibẹ̀ ni wàhálà wà.

Ẹni tó mọ iṣẹ́ náà mọ̀ pé irin méjì kì í dì mọ́ra tán. Àlàfo tí ojú kò rí, omi rí i. Fọ́nrán okùn ọkọ̀ tí a pò mọ́ ọ̀dà pupa ni wọ́n fi ń dí i ní Sàró. Dìran gbé tirẹ̀ bọ̀, ṣùgbọ́n ọkọ̀ tó kó ẹrù rẹ̀ dojú dé lódò Ògùn: ọ̀dà lọ, fọ́nrán lọ. Ó wá ra òwú tí wọ́n kó wá láti Kọ́bapẹ́, ó fi òrí pa á, ó wé e mọ́ etí páìpù, ó yí i. Ó jò. Ó tú u, ó pò ìda mọ́ òrí, ó tún un wé. Ó jò. Lẹ́ẹ̀kẹta, kó tó gbé ọwọ́ kúrò lára irin ni omi ti yọjú.

Herbert dúró tì í, ó ká ọwọ́ sẹ́yìn.

"Dìran, ṣé àgbá lò ń ṣe fún mi ni, àbí ajere?"

"Ẹ fún mi ní ọjọ́ mẹ́ta sí i, sà."

"Òjò àrọ̀kúrò ń parí lọ. Bí ìkẹyìn rẹ̀ bá gba ojú ihò yẹn lọ, ìwọ àti ìyàwó mi lẹ jọ máa pọnmi lódò títí òjò mìíràn yóò fi dé. Àwọn obìnrin á sì máa kí ọ ẹ kú iṣẹ́."

Dìran mọ ohun tó ń mú kó jò. Òwú ọjà rọ̀, wọn kò lọ́ ọ le. Òwú kan ṣoṣo ló mọ̀ tó le tó ohun tó ń wá, inú igbá Ìyá Ọ̀ṣunlọlá ló sì wà.

Ìyá náà ń rànwú fún aṣọ ìsìnkú ara rẹ̀ ni. Bí wọ́n ti ń ṣe é ní agbolé yẹn nìyẹn: arúgbó tó bá ti rí i pé ilẹ̀ ń ṣú òun yóò ran òwú funfun fúnra rẹ̀, ọmọ rẹ̀ obìnrin yóò hun ún, òwú ọwọ́ ẹlòmíràn kò sì gbọdọ̀ wọ̀ ọ́. Wọ́n ní òwú tó bá wọ aṣọ òkú, olówú náà yóò bá a wọlẹ̀.

Dìran ti bẹ̀ ẹ́. "Ìyá, ẹ fún mi ní ìwọ̀n apá mẹ́ta péré."

"Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Omi ni mo fẹ́ fi dí."

Arúgbó náà rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin ará Sàró yìí. Òwú yìí ni n ó wọ̀ lọ síbi tí mò ń lọ. Bí o bá fi dí omi, èmi ńkọ́, ibo ni n ó gbà kọjá?"

Dìran bá a rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí Ìyá ń tòògbé nínú oòrùn àárọ̀, ó gé apá mẹ́ta nínú òwú náà. Ta ni yóò wọ̀n ọ́n?

Ó fi òrí pa á. Ọwọ́ ọ̀tún ló wé e sí, síbi tí páìpù ń yí sí, kí yíyí má baà tú u. Ó rọra mú un le, nítorí ohun a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ̀kán omi kan kò yọ. Òjò àrọ̀kúrò rọ̀ fún ọjọ́ méjì gbáko, àgbá kún dé ẹnu, Herbert sì ń mú àlejò wá fọwọ́ pa oríkèé gbígbẹ náà bí ẹni ń fọwọ́ pa ara ẹṣin.

Ní ọjọ́ kẹrin, Dìran rí ìrù òwú kan tó so rọ̀ lára oríkèé náà. Kò gùn ju ìka kan lọ. Ó gé e. Lọ́jọ́ kejì ó tún wà níbẹ̀, ó ti gùn tó ìka méjì. Òwú tó fi òrí pa, tó wà láàárín omi, ó fọwọ́ kàn án: ó gbẹ, ó funfun, kò ní òórùn òrí rárá. Ó gbé etí lé páìpù. Ohun tó gbọ́ nínú rẹ̀ kì í ṣe ìró omi. Ó dà bí igi ìrànwú tó ń yí nínú àfọ́ igbá, tó ń kùn, tó ń sinmi, tó tún ń kùn.

"Atẹ́gùn ni," ló wí fún ara rẹ̀.

Nígbà tí ọyẹ́ dé, Ìyá Ọ̀ṣunlọlá dùbúlẹ̀. Ó pe àwọn ọmọ, ó súre fún wọn, ó dágbére, ó kọjú sí ògiri. Ọjọ́ keje pé, kò lọ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti tutù, èémí rẹ̀ ti kéré, kò sì lọ. Òùngbẹ ń gbẹ ẹ́. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Títílọlá, ń bu omi fún un, ó ń gbé e mì, ahọ́n rẹ̀ sì gbẹ bí èèpo igi. Ó ń sunkún, omi kò jáde lójú rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi," Títílọlá sọ fún Dìran ní ìdí òfì, "ìyà yìí pọ̀ jù. Aṣọ náà kò sì pé. Òwú tán, ó ku ìwọ̀n apá mẹ́ta."

Láti orí ẹní, Ìyá gbóhùn sókè. "Mo ran án pé. Ẹnu ọ̀nà ni mo wà. Omi kún ibẹ̀, kò ṣàn, kò jò. Ẹnìkan ti dí i."

"Bó ṣe ń sọ ọ́ láti àná nìyẹn," ni Títílọlá wí.

Dìran wọlé, ó dọ̀bálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní. "Ìyá, èmi ni."

Kò bínú. "Mo mọ̀. Lọ tú mi sílẹ̀, ọmọ mi."

Ní Aké, Herbert gbọ́ ọ tán, ó ní, "Omi tí a óò mu títí òjò yóò fi dé lo fẹ́ dà nù? Nítorí fọ́nrán òwú?"

"Ìyá mi ò rí ọ̀nà kú, sà."

"Ìwọ tí o kàwé ní Sàró."

"Ẹ gbé etí lé e, sà."

Herbert bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé etí lé páìpù. Ẹ̀rín tó wà lẹ́nu rẹ̀ dúró síbẹ̀ díẹ̀, lẹ́yìn náà ó lọ. Ó dìde, ó fi aṣọ nu etí rẹ̀. Ó kàn pe ìyàwó rẹ̀: "Harriet, kó gbogbo ìkòkò jáde."

Dìran yí irin náà sí òsì. Omi tú jáde. Harriet àti àwọn obìnrin ilé ń sáré gbé ìkòkò sábẹ̀ rẹ̀, Dìran sì di ìrù òwú náà mú, ó ń fà. Ó fa apá kan, ó fa méjì, ó fa mẹ́ta. Ibẹ̀ ló yẹ kó parí sí. Kò parí. Ó ń fà á láti inú irin, ó ń ká a, omi ń ya lu ọwọ́ rẹ̀, òwú náà sì gbẹ, ó funfun. Ìgbà tí omi tán nínú àgbá gan-an ni òwú tán. Èyí tó ká sọ́wọ́ tó orí ọmọ tuntun. Àwọn obìnrin ń wò ó. Kò sẹ́ni tó ní kí òun bá a gbé e.

Ó gbé e dé Ìjemọ̀. Ìyá Ọ̀ṣunlọlá fi ìka ra á, ó wọn apá mẹ́ta, ó ní kí Títílọlá gé e níbẹ̀.

"Èyí ni tèmi." Ó ti ìyókù sọ́wọ́ Dìran. "Èmi kọ́ ni mo ran ìyẹn."

"Ta ni, Ìyá?"

"Ìwọ lo wé e. Mú un dání."

Kí oòrùn tó kan àtàrí, Títílọlá ti hun aṣọ náà pé. Wọ́n tẹ́ ẹ síwájú Ìyá, ó fọwọ́ pa á, ó ní kí wọ́n bu omi fún òun. Ó mu. Omi ṣàn ní igun ẹnu rẹ̀, ó ṣàn lójú rẹ̀ méjèèjì.

"Ó ti ń jò," ló wí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó sì lọ.

Nígbà tó yá, Dìran rí fọ́nrán àti ọ̀dà gbà láti Èkó, ó fi dí oríkèé Herbert kí òjò ọdún tó ń bọ̀ tó dé. Kò jò. Òwú tó kù ńkọ́? Ó fi sínú igbá, ó gbé e sí orí àjà. Kò lè lò ó, kò sì lè sun ún. Lẹ́yìn ọdún méjì, ó gbé e sọ̀ kalẹ̀, ó ní kí Títílọlá fi ojú ahunṣọ wò ó.

Títílọlá wọ̀n ọ́n lọ, ó wọ̀n ọ́n bọ̀. "Aṣọ ìsìnkú ọkùnrin fẹ̀ ju ti obìnrin lọ, Ẹ̀gbọ́n mi. Kò tíì pé."

Dìran dá a padà sórí àjà. Láti ìgbà náà, bí òjò bá ti ń rọ̀, tí omi ń sáré nínú páìpù kan níbì kan ní Abẹ́òkúta, yóò gun òkè lọ, yóò ki ọwọ́ bọ igbá, yóò fọwọ́ wọ̀n ọ́n. Ó máa ń tóbi ju ti àná lọ díẹ̀.